Ọgbọ̀n àti Ogójì Tí Kò Pé Àádọ́rin

Oníbéèrè mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo sì tún ọ kí. Mo nírètí pé lẹ́tà yìí yóò bá ọ nínú ìlera, pé ọ̀fìnkìn tó bá ọ jà lóṣù tó kọjá ti fi ọ́ sílẹ̀, àti pé wọ́n ti bá ọ tún fèrèsé yàrá rẹ tí kì í tì ṣe. Àwa náà wà láàyè, a ń jẹ, a ń mu, a ò dùbúlẹ̀ àìsàn. Ìyá rẹ kí ọ títí. Ó ní kí n kọ ọ́ síbí pé òun ti bá ọ rán aṣọ aláwọ̀ ewé rẹ tó ya lápá, kí n má sì gbàgbé, nítorí pé mo máa ń gbàgbé. Ó dáa, mo ti kọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ ọkùnrin ti fá irùngbọ̀n rẹ̀, ojú rẹ̀ wá ń dán bí ẹyin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó. Òun náà kí ọ.

Mo mọ̀ pé ó máa yà ọ́ lẹ́nu pé ọwọ́ mi lo rí. Ìyá rẹ ló máa ń kọ lẹ́tà nílé yìí, tèmi ò ju kí n buwọ́ lu ìsàlẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi mi ni mo fẹ́ jẹ́wọ́ lónìí, èèyàn kì í sì í rán ẹlòmíràn lọ jẹ́wọ́ ẹ̀bi ẹni. Fara balẹ̀ kà á, torí ó gùn díẹ̀.

Rántí ọjọ́ Àìkú tí o lò kẹ́yìn nílé. A jẹun tán, o gbé rúlà lé orí tábìlì, o fi ìka tẹ ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀. O ní ká pe ìdí yẹn ní òdo, ká pe orí rẹ̀ tó kọjú síwájú ní ọ̀kan. O ní bí a bá fi òdì ọ̀kan ṣe ìlọ́po rẹ̀, ńṣe ni rúlà máa yí padà pátápátá, tí á kọjú sẹ́yìn. A gbà bẹ́ẹ̀. O wá ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká pín yíyí yẹn sí méjì tó dọ́gba." O yí rúlà lẹ́ẹ̀kan, ó dúró sí ẹ̀gbẹ́, ó kọjú sí àwo Ìyá rẹ. O yí i lẹ́ẹ̀kejì, ó kọjú sẹ́yìn. O ní yíyí kan ṣoṣo yẹn ni nọ́ńbà tí gbogbo èèyàn ń wá kiri, èyí tó jẹ́ pé bí a bá fi ṣe ìlọ́po ara rẹ̀, òdì ọ̀kan la máa bá níbẹ̀. O ní kò sí lójú ọ̀nà tí àwọn nọ́ńbà gidi tò sí, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ló wà.

Kí ni mo ṣe? Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Nọ́ńbà tó kúrò lójú ọ̀nà tó lọ dúró sínú igbó, ta ló ń dè níbẹ̀?" Ẹ̀gbọ́n rẹ fi ọwọ́ lu tábìlì, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Inú mi dùn pé ọ̀rọ̀ mi dùn, mo bá tún fi kan lé e. Mo ní, "Ṣé nọ́ńbà inú igbó yẹn lè tan gílóòbù?" O mú rúlà rẹ, o wọlé lọ. Látìgbà yẹn, ìwé rẹ sí wa ò ju ìlà mẹ́ta lọ: ara mi le, ẹ̀kọ́ ń lọ, ẹ bá mi kí Ìyá mi. Mo rí i, mo ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Ìyá rẹ ti kọ ọ́ sí ọ pé mo ti gba iṣẹ́ tuntun. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ń fa wáyà sínú ilé àwọn èèyàn, kí wọ́n tó pè mí pé kí n wá ṣe olórí oníná ní ilé ìlagi tó wà lẹ́yìn afárá. Oṣù keje nìyí. Ibi tó tóbi ni, ariwo ibẹ̀ sì lè jí òkú. Gẹdú á wọlé láti ẹ̀yìn, ayùn ńlá kan tó ga ju ẹ̀gbọ́n rẹ lọ á là á sí pákó, a ó wá kó pákó sínú yàrá kan tí ooru iná ti ń gbẹ ẹ́. Ìyẹ̀fun igi máa ń wọ gbogbo ibi tí ìyẹ̀fun lè wọ̀. Ìyá rẹ ní òun máa ń rí i nínú etí mi. Gbogbo iná tó ń wọ ibẹ̀, wáyà ńlá kan ṣoṣo ló ń gbé e wọlé, lẹ́yìn náà ló wá pín sí ọ̀dọ̀ ayùn àti yàrá ìgbẹpákó.

Bàbá àgbàlagbà kan wà níbẹ̀ tí gbogbo èèyàn ń pè ní Bàbá Mítà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kan náà. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa lọ yíká, kí wọ́n máa wọn iye iná tó ń gba inú wáyà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé. Mítà ọwọ́ wọn ní ẹnu bí ọwọ́ akàn: wọ́n á fi gbá wáyà mú, iye iná náà á sì jáde lójú rẹ̀ ní áńpù. Wọ́n tín-ín-rín, wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, bírò kan wà lẹ́yìn etí wọn tó dà bíi pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Ìwé wọn mọ́ ju àwo tí mo fi ń jẹun lọ. Agogo méje àárọ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n, nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ayùn ńlá tí ó ń yí lófìfo, tí gẹdú ò tíì kàn án, tí yàrá ìgbẹpákó sì ti gbóná. Lásìkò yẹn, kò sí ẹ̀rọ mìíràn tó ń ṣiṣẹ́.

Lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ní kí n yẹ ìwé náà wò, kí n lè mọ̀ bóyá wáyà ńlá yẹn ṣì lè gba ẹ̀rọ mìíràn mọ́ra. Mo ṣí i. Yàrá ìgbẹpákó: ọgbọ̀n áńpù. Ayùn ńlá: ogójì. Wáyà ńlá tó ń gbé méjèèjì: méjìléláàádọ́ta. Mo nu ojú mi. Ọgbọ̀n àti ogójì, ọmọ jẹ́léósinmi mọ̀ pé àádọ́rin ni. Mo ṣí ojú ewé ọjọ́ tó ṣáájú, bákan náà. Mo ṣí ti ọdún tó kọjá, bákan náà. Níbo ni méjìdínlógún wọlé sí? Nínú ilé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ yìí wá, gílóòbù, áyọ́ọ̀nù, ẹ̀rọ tó ń se omi, bí mo bá ti ro wọ́n pọ̀, iye tó bá jáde náà ni mítà ẹnu ọ̀nà máa ń sọ. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ìròpọ̀ ò já mi kulẹ̀ rí. Mo bá pinnu lórí ìdúró pé bàbá yìí kì í lọ yíká rárá, pé orí àga ni wọ́n máa ń jókòó sí, tí wọ́n á máa kọ ohun tó bá ti orí wọn wá.

Ẹyin lohùn, ọmọ mi, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Èmi ò tilẹ̀ jẹ́ kí ó jẹ́ ohùn lásán, ìwé ni mo kọ. Mo kọ ọ́ sí ọ̀gá àgbà pé ìwé àkọsílẹ̀ iná kún fún irọ́, mo sì dárúkọ ẹni tó ń kọ ọ́. Ọ̀gá wa yìí, obìnrin ni, ó lè jẹ́ àbúrò mi pátápátá, ṣùgbọ́n kì í ṣeré. Ó pe Bàbá Mítà lójú mi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ máa ń lọ síbi wáyà yẹn àbí ẹ kì í lọ?" Wọ́n ní, "Mò ń lọ, mà." Ó ní kí ló dé tí iye wọn ò pé? Wọ́n ní, "Ohun tí mítà bá sọ fún mi ni mò ń kọ, mà. Èmi kì í bá a jiyàn." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀gá ní tó bá fi máa di agogo mẹ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, tí kò bá sí àlàyé tó mọ́gbọ́n dání, kí wọ́n kó ẹrù wọn máa lọ ilé, òun ò lè fi òpùrọ́ sídìí iná. Bàbá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ mi, wọ́n dúpẹ́! Wọ́n mú bírò wọn, wọ́n lọ wọn iná agogo mẹ́wàá.

Ìdúpẹ́ yẹn ni kò jẹ́ kí n gbádùn. Lówùúrọ̀ Ọjọ́rú, mo ní kí n lọ wọ̀n ọ́n fúnra mi, kí n lè ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Agogo méje géérégé, mo gbá wáyà yàrá ìgbẹpákó mú: ọgbọ̀n. Mo gbá ti ayùn mú: ogójì. Mo gbá wáyà ńlá mú: méjìléláàádọ́ta. Mo ní mítà mi ló bàjẹ́. Mo sáré lọ yá ti ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣe ẹ̀rọ amóhuntutù, tuntun ni, ìwé ìtọ́ni rẹ̀ ṣì wà nínú páálí. Mo tún un wọ̀n lówùúrọ̀ Ọjọ́bọ̀. Ọgbọ̀n, ogójì, méjìléláàádọ́ta. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, Bàbá Mítà ló dúró tì mí. Wọ́n kàn yẹ̀ fún mi kí n lè ríbi kọjá, wọ́n wá fi mítà tiwọn gbá wáyà mú, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ojú tì mí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀.

Mo wá mọ̀ pé bàbá yìí ò purọ́, ṣùgbọ́n mi ò mọ ohun tí mo máa sọ. Bí mo bá lọ bá ọ̀gá pé òótọ́ ni wọ́n ń kọ, ó máa bi mí pé kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí méjìdínlógún. Kí ni mo fẹ́ fọ̀? Mo jókòó sórí gẹdú kan lọ́sàn-án yẹn, búrẹ́dì mi wà lọ́wọ́, mi ò lè jẹ ẹ́. Mo ń wo iwájú àti ẹ̀yìn nínú ọkàn mi, mo ń rò ó síwájú, mo ń rò ó sẹ́yìn, kò sí ọ̀nà. Ìgbà yẹn ni ohùn ara mi dédé bọ́ sí mi létí: "Ta ló ń dè níbẹ̀?" Mo dìde. Mo sọ pé orí ń fọ́ mi, mo gba ilé lọ.

Mo tọrọ àforíjì, mo wọ yàrá rẹ. Ìyá rẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí ni mò ń wá nínú ẹrù ọmọ. Mo ní nọ́ńbà ni. Ó wò mí títí, ó ní ṣé kí òun pe dókítà. Abẹ́ àwọn ìwé rẹ àtijọ́ ni mo ti rí ìwé àjákọ aláwọ̀ búlúù kan tí o fi ń kọ ìṣirò, mo gbé e lọ sí ojú fèrèsé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Mi ò ní purọ́ fún ọ, ìdajì rẹ̀ ò yé mi. Ṣùgbọ́n o máa ń kọ ọ̀rọ̀ sí etí ìwé, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, ibẹ̀ ni mo ti rí ọ̀nà. O kọ ọ́ síbì kan pé: "Nọ́ńbà alápá méjì ni gbogbo wọn. Apá kan sọ iye tí a rìn lójú ọ̀nà, apá kejì sọ iye tí a rìn sí ẹ̀gbẹ́. Nọ́ńbà gidi wà lára wọn, òdo ni apá kejì tirẹ̀." Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹrin. O tún fi ìlà sábẹ́ rẹ̀: "A ò lé nọ́ńbà gidi kankan kúrò nílé. Ilé la mú fẹ̀ sí i."

Ọmọ mi, mo pariwo. Ìyá rẹ sáré padà wá. Ohun tó yé mi nìyí, ìwọ ni kí o tún un ṣe bí mo bá ṣì í. Gílóòbù, áyọ́ọ̀nù, ẹ̀rọ tó ń se omi, gbogbo ohun tó kàn ń gbóná, ojú ọ̀nà ni iná wọn ń rìn, òdo ni apá kejì wọn. Ìdí nìyẹn tí ìròpọ̀ mi ò fi já mi kulẹ̀ rí nínú ilé àwọn èèyàn. Kì í ṣe pé mo mọ gbogbo ayé, títì kan ṣoṣo ni mo ti ń rìn. Ṣùgbọ́n o kọ ohun tí olùkọ́ yín sọ síbẹ̀, pé ibi tí wáyà bá ti wé ara rẹ̀ yí irin ká, iná á lọ́ra níbẹ̀, á fi ìdámẹ́rin yíyípo kan rẹ́yìn. Ìdámẹ́rin yíyípo! Rúlà tó kọjú sí àwo Ìyá rẹ! Kí ló sì wà nínú ikùn ayùn ńlá wa bí kò ṣe wáyà tó wé yí irin ká? Ọgbọ̀n ti yàrá ìgbẹpákó, ojú ọ̀nà ló wà. Ogójì ti ayùn tó ń yí lófìfo, ẹ̀gbẹ́ ló kọrí sí. Èèyàn ò lè ro wọ́n pọ̀ bí ẹni tó ń to búlọ́ọ̀kù lérí ara wọn.

Mo tún rí ibi tí o ti kọ ọ́ pé, lójú ọ̀nà, bí nọ́ńbà méjì bá yàtọ̀ síra, ọ̀kan gbọ́dọ̀ ṣáájú èkejì, ṣùgbọ́n pé tí a bá ti kúrò lójú ọ̀nà, kò sí ẹni tó lè sọ ẹni tó ṣáájú mọ́. Mo ka ìyẹn sókè fún Ìyá rẹ. Ó ní òun ti ń sọ bẹ́ẹ̀ fún mi láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra. Èyí tó wá yà mí lẹ́nu jù ni ti àwọn ìṣirò kan tí o ní ojú ọ̀nà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ojú ọ̀nà ni ìdáhùn wọn wà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ fi ìlànà tí ẹ kọ́ débẹ̀ gbọ́dọ̀ gba inú igbó kọjá kó tó padà sójú títì. Mo pa ìwé dé níbẹ̀, mo wo ìta fún ìgbà díẹ̀. Mo ronú pé ọmọ tèmi, tí mo kọ́ ní oókan, eéjì pẹ̀lú ìdérí ìgò, ti rìn dé irú ibi báyìí, ó padà wá sọ fún mi, mo sì fi í rẹ́rìn-ín.

Ohun kan wà nínú ìwé yẹn tí mi ò tíì sọ, màá sọ ọ́ nígbà tó bá yá. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ parí ti ọjọ́ Ẹtì.

Agogo mẹ́sàn-án ò tíì lù tí mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì ọ̀gá. Bàbá Mítà ti wà níbẹ̀ ṣáájú mi, wọ́n ti kó ife tíì wọn àti jákẹ́ẹ̀tì wọn sínú àpò kan, gbogbo ẹrù ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nìyẹn. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi jáde sí ibi pákó fún ìṣẹ́jú márùn-ún." Ó wo agogo ọwọ́ rẹ̀, ó tẹ̀ lé mi. Mo gbé pákó ẹlẹ́sẹ̀ bàtà mẹ́ta kan, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀, mo ní yàrá ìgbẹpákó nìyí, ó kọjú síwájú. Mo gbé ẹlẹ́sẹ̀ bàtà mẹ́rin, mo fi ìdí rẹ̀ ti orí ti àkọ́kọ́, mo yí i sí ẹ̀gbẹ́, mo ní ayùn nìyí. Mo ní, "Ẹni tó bá rin ọ̀nà méjèèjì, báwo ló ṣe jìnnà sí ibi tó ti gbéra tó?" Kó tó dáhùn, Baba Aláyùn, ẹni tó ń darí ayùn ńlá, ké láti ọ̀ọ́kán: "Márùn-ún ni, jàre! Ṣebí bá a ṣe ń mọ igun tó gún nìyẹn!" Ó gbé pákó ẹlẹ́sẹ̀ bàtà márùn-ún wá fúnra rẹ̀, ó tẹ́ ẹ láti ìdí dé orí. Ó bá a mu rẹ́gí. Gbogbo òṣìṣẹ́ tó ti yí wa ká pariwo.

Mo ṣàlàyé fún ọ̀gá pé gígùn nìkan ni mítà mọ̀ ọ́n sọ, kò mọ ibi tí iná kọjú sí. Mo ní ọgbọ̀n síwájú àti ogójì sí ẹ̀gbẹ́, àádọ́ta ló máa fún wa, kì í ṣe àádọ́rin, méjì tó lé sì nìyí, ìyẹn ò tó nǹkan tí a fi ń lé èèyàn níṣẹ́. Mo ní ẹni tó ń wọn iná ò jẹ̀bi, ẹni tó kọ ìwé ẹ̀sùn ló jẹ̀bi, èmi sì ni. Mo sọ ọ́ sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́, nítorí gbogbo wọn ló gbọ́ ẹ̀sùn. Ọ̀gá wo pákó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó wò mí, ó wá yíjú sí Bàbá Mítà. Ó ní, "Bàbá, láti ọjọ́ yìí wá, ẹ ò ṣe bi ẹnikẹ́ni pé kí ló dé tí kò pé?"

Bàbá Mítà yọ bírò lẹ́yìn etí wọn, wọ́n ń yí i lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Mo bèèrè, mà. Ọ̀gá oníná tó wà níbí nígbà tí mo dé ní kí n máa kọ àádọ́rin síbẹ̀, kó lè dùn ún wò. Mo ní mi ò rí àádọ́rin." Wọ́n wá ní, "Ẹni tó bá fẹ́ purọ́, mà, àádọ́rin ló máa kọ. Kò sẹ́ni tó máa bi í léèrè."

Ọmọ mi, mo ti rí èèyàn tó mọ̀wé, mo ti rí èèyàn tó lágbára, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí irú èyí. Ohun tí kò yé wọn, tí gbogbo ayé máa sọ pé irọ́ ni, wọ́n rí i, wọ́n kọ ọ́ bó ṣe rí, láràárọ̀, fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, wọn ò fi ẹyọ kan lé e, wọn ò yọ ẹyọ kan kúrò. Ọ̀gá fọwọ́ ara rẹ̀ gba àpò ọwọ́ wọn, ó dá ife tíì wọn padà sórí tábìlì wọn. Mo bẹ̀ wọ́n níwájú gbogbo èèyàn. Wọ́n ní, "Ó tán, ọ̀gá oníná. Ta ló là á yé yín?" Mo ní ọmọ mi obìnrin ni. Wọ́n ní, "Ẹ bá mi kí i. Ẹ sọ fún un pé ó jẹ́ kí n mọ ohun tí mo ti ń kọ." Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Lọ́jọ́ yẹn, ọwọ́ tìrẹ ló wọ kèrègbè bá wa mú nǹkan jáde, o ò sì sí níbẹ̀.

Ohun tó kù nínú ìwé àjákọ rẹ nìyí. Níbi tí o ti ya mẹ́ta síwájú, mẹ́rin sí ẹ̀gbẹ́, tí o kọ márùn-ún sí àárín, mo rí ìlà kan tí o fi pẹ́ńsù kọ. O kọ ọjọ́ sí i, ọjọ́ Àìkú yẹn gan-an ni. O kọ pé: "Bi Bàbá léèrè: ṣé wọn kì í rí irú èyí lẹ́nu iṣẹ́ iná wọn?" Ìdí tí o fi gbé rúlà wá sórí tábìlì nìyẹn. Ìbéèrè ni o fẹ́ bi mí, nípa iṣẹ́ ọwọ́ mi, kí èmi náà lè jẹ́ olùkọ́ rẹ díẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín kí o tó débẹ̀. Mo jókòó sórí ibùsùn rẹ, ọmọ mi, mo sunkún. Ìyá rẹ rí mi, ó sì lọ bu omi wá fún mi.

Má bínú sí mi. Mo mọ̀ pé àgbà kì í sábà tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣẹ̀ ló ń bẹ̀bẹ̀, ọjọ́ orí kì í bá èèyàn bẹ̀ ẹ́. Máa bi mí ní ìbéèrè rẹ. Bí kò bá yé mi, màá sọ pé kò yé mi.

Kí Ọlọ́run máa tọ́ ẹsẹ̀ rẹ, lójú ọ̀nà àti ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Kí ojú rẹ má ṣe fọ́ sí ìwé, kí òye rẹ má ṣe kú. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn bá ti rí igbó, kí ìwọ máa rí ọ̀nà níbẹ̀. Wàá pẹ́ láyé, wàá sì rí ọmọ tìrẹ tó máa gbé rúlà rẹ̀ wá sórí tábìlì. Ìwọ ò ní rẹ́rìn-ín bíi tèmi.

Mo sì fẹ́ dáhùn ìbéèrè rẹ báyìí, kí n tó fi bírò sílẹ̀, ó ti pẹ́ jù lọ́wọ́ mi. Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi. A máa ń rí i. Láràárọ̀, ní agogo méje.

Èmi ni Bàbá rẹ tó rẹ́rìn-ín kó tó gbọ́, tó sì ń fi ọ́ yangàn kiri báyìí.

Àfikún: Mo fẹ́ fojú fo áńpù méjì tó lé lórí àádọ́ta yẹn, kí ọ̀rọ̀ lè parí sí ibi tó dùn. Bàbá Mítà ní rárá o, a kì í fojú fo nǹkan. Wọ́n ní àwọn rò pé bí ayùn bá tilẹ̀ ń yí lófìfo, irin rẹ̀ ń ha ara wọn, ó sì ń gé afẹ́fẹ́, torí náà kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ nìkan ló wà, ó ṣì fi ẹsẹ̀ díẹ̀ sójú ọ̀nà. Ṣé òótọ́ ni? Bá wa ṣe ìṣirò rẹ̀. Wọ́n ti fi ìlà mẹ́ta sílẹ̀ lófìfo nínú ìwé wọn de ìdáhùn rẹ.